Géèjì Tí N Kò Wò

Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, tí a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ìyá ìyàwó mi máa ń pè wá láti Ìjẹ̀bú-Òde. A ó gbé fóònù náà ti ìgò omi lórí tábìlì oúnjẹ kí ojú gbogbo wa lè hàn sí i. Tó bá ti kí wa tán lọ́kọ̀ọ̀kan, á kọjú sí ọmọkùnrin rẹ̀ tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí. Á ní, "Ṣé o ti rí i báyìí? Mo ní kí o máa gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ. Olóríkunkun, ibo lo wá já sí?" Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni ẹni tí wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ sí. Á ní, "Ẹ má bínú, Màámi." Èmi á máa bu ọbẹ̀ sórí ìrẹsì mi, n kò ní wòkè.

Èmi ni mo sọ fún màmá náà pé oríkunkun ló sọ ọmọ rẹ̀ di arọ. Irọ́ ni. Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ nìyí, kì í sì í ṣe pé ó dùn mọ́ mi láti kọ ọ́. Màmá yìí ti lé ní ọgọ́rin ọdún, àyà rẹ̀ kò le mọ́. Ohun kan ṣoṣo tí àbúrò ìyàwó mi sì tọrọ lọ́wọ́ mi ni pé kí ìyá òun má kú sórí irọ́ náà. Ó fẹ́ kó gbọ́ òótọ́, ó sì fẹ́ kó gbọ́ ọ láti ẹnu mi.

N kì í ṣe èèyàn jẹ́jẹ́. Iṣẹ́ mi ni láti máa yẹ páìpù epo wò bóyá ó ti ń jẹrà, àwọn tó sì ń bá mi ṣiṣẹ́ mọ̀ pé ẹni tó bá fi àṣìṣe kékeré hàn mí, mo lè fi ṣe ẹlẹ́yà fún odindi ọdún kan. Nígbà tí àbúrò ìyàwó mi dé láti Nàìjíríà, ilé wa ní Missouri City, níhìn-ín ní Amẹ́ríkà, ló gbé fún ọdún méjì kó tó rí apartment ní Third Ward, nítòsí ilé ìwòsàn tí ó ti ń ya àwòrán egungun àwọn aláìsàn. Èmi ni mo kọ́ ọ ní mọ́tò. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ freeway, ọ̀nà márosẹ̀ ibí, ó tẹ bíréèkì níbi tó yẹ kó ti tẹná mọ́ ọn, mo sì sọ fún un pé ìyá mi àgbà tó fọ́jú kó tó kú ìbá ti wọlé síbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ ṣé, Brother mi." Gbogbo ohun tí mo bá sọ sí i ló fi ń dúpẹ́. Kò wò mí lójú rí bí mo bá ń bá a wí. Mo mọ̀ pé ọ̀wọ̀ ni, mo sì ń lo ọ̀wọ̀ náà bí ẹni ń lo aṣọ ìnuwọ́.

Ọdún tí mo pé àádọ́ta ni àwọn òyìnbó kan níbi iṣẹ́ ń fọ́nnu nípa bí wọ́n ṣe ń mòòkùn lọ wo àwọn ọkọ̀ tó rì sínú òkun, ọ̀kan nínú wọn sì bi mí bóyá àwa aláwọ̀ dúdú mọ omi í wẹ̀. Ẹ̀bá ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí. Mo ní a ó jọ rí i. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ ọ kí wọ́n tó fún mi níwèé tó gbà mí láyè láti kọjá igba ẹsẹ̀ bàtà nísàlẹ̀ omi. Àbúrò ìyàwó mi tẹ̀ lé mi. Ta ló pè é? Èmi ni. N kò fẹ́ kó jẹ́ pé èmi nìkan ni dúdú inú ọkọ̀, mo sì fẹ́ ẹni tí yóò máa bá mi ru ẹrù.

Ẹni tó kọ́ wa ni obìnrin òyìnbó arúgbó kan tó ni ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé wa jáde láti Galveston. Kápútẹ́nì là ń pè é. Obìnrin náà kò lọ́rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu. Ó ní lílọ sísàlẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́, bíbọ̀ wá sókè ni iṣẹ́. Ní ìsàlẹ̀ ibú, afẹ́fẹ́ tí èèyàn ń mí á wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bó bá sáré gòkè, ẹ̀jẹ̀ náà á hó bí ìgò mínírà tí wọ́n mì kí wọ́n tó ṣí i, ìhó náà sì lè lọ há sínú ọ̀pá ẹ̀yìn. Nítorí náà, a ó dì mọ́ okùn níbí fún ìṣẹ́jú díẹ̀, a ó tún gòkè díẹ̀, a ó tún dúró, títí afẹ́fẹ́ náà yóò fi jáde. Èèyàn lè lo ogún ìṣẹ́jú nísàlẹ̀ kó sì lo wákàtí kan àti ààbọ̀ lójú ọ̀nà àbọ̀.

Ó tún kọ́ wa ní òfin kan tí kò gba àríyànjiyàn. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé àtàǹpàkò sókè nínú omi, ìrìn àjò náà ti parí nìyẹn, gbogbo èèyàn á gòkè. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bi í pé kí ló dé. Wọn kò gbọ́dọ̀ bi í nínú omi, wọn kò gbọ́dọ̀ bi í nínú ọkọ̀, wọn kò sì gbọ́dọ̀ bi í nílé. Kápútẹ́nì ní ọjọ́ tí o bá bi òmòòkùn kan léèrè ìdí tó fi gbé àtàǹpàkò sókè, ọjọ́ náà lo kọ́ ọ pé kó má gbé e sókè mọ́. Mo gbọ́. Mo tilẹ̀ mi orí.

Ọdún kan ṣáájú ìjàǹbá yìí, a lọ sí ìdí ọkọ̀ ẹrù kan tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ rì fún àwọn òmòòkùn láti máa fi kọ́ṣẹ́. A ò tíì débi kankan tí àbúrò ìyàwó mi fi gbé àtàǹpàkò sókè. Omi ń wọ inú gíláàsì ojú rẹ̀, àyà rẹ̀ sì ń já, bí mo ṣe wá gbọ́ lẹ́yìn náà. A gòkè. Kápútẹ́nì bu kọfí fún un, kò bi í ní nǹkan kan. Èmi náà pa ẹnu mọ́ nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, nítorí owó tí mo ná sórí ọjọ́ náà kò kéré.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e ni mo gbẹ̀san. A ní àlejò nílé, ìdílé méjì láti ṣọ́ọ̀ṣì, ará Sugar Land. Mo dìde láàárín oúnjẹ, mo fi ìdérí ìkòkò ṣe gíláàsì ojú, mo la ojú rangandan, mo ń gbọ̀n, mo wá na àtàǹpàkò sókè bí ọmọ tó fẹ́ lọ tọ̀ ní kíláàsì. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí omijé fi jáde lójú wọn. Àbúrò ìyàwó mi náà rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi ní, "Dádì, ó tó," mo sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì nítorí pé ó ní ó tó.

Látìgbà náà, tó bá ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọkùnrin á na àtàǹpàkò sí i láti orí ìjókòó. Àlejò tó bá rí wọn á rò pé wọ́n ń kí i dáadáa ni. Àwọn ọmọ mi kọ́ ọ, ọmọkùnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá àti àbúrò rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ mẹ́sàn-án, wọn ò sì gbọ́ Yorùbá púpọ̀, ṣùgbọ́n èyí kò gba èdè. Obìnrin kan wà tí òun àti àbúrò ìyàwó mi ń gbèrò láti fẹ́ ara wọn. Mo ṣe eré náà lójú rẹ̀ pẹ̀lú. N kò mọ̀ bóyá ìyẹn ló mú kí obìnrin náà dẹ̀yìn, n kò sì béèrè.

Ọkọ̀ tí mo ń fojú sọ́nà fún ni ọkọ̀ ológun kan tí ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn Jámánì fi bọ́ǹbù lù nígbà ogun àgbáyé kejì. Ó wà ní igba ẹsẹ̀ bàtà ó lé ogójì nísàlẹ̀, ibi tó jìn sí etíkun tó fi jẹ́ pé odindi òru ni ọkọ̀ Kápútẹ́nì fi ń rìn kó tó débẹ̀. Òkú àwọn sójà orí omi ṣì wà nínú rẹ̀. Òfin ni pé a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan. Àwọn òyìnbó ibi iṣẹ́ mi kò tíì débẹ̀ rí, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n fẹ́ dé ibẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, òkun tẹ́ pẹrẹsẹ. A ti gbé ẹrù wa sẹ́yìn, sìlíńdà afẹ́fẹ́ méjì ní ẹ̀yìn fún ìsàlẹ̀ ibú, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ fún agbedeméjì ọ̀nà, àti ọ̀kan tó jẹ́ ọ́síjìn nìkan, èyí tí a máa ń mí níbi ìdúró ìgbẹ̀yìn, ní ogún ẹsẹ̀ bàtà, nítorí pé òun ló ń fọ ẹ̀jẹ̀ mọ́ jù. Kí a tó fò sínú omi, àwọn méjì tó bá jọ ń lọ á dojú kọ ara wọn. Oníkálukú á ka géèjì rẹ̀, ohun tó ń fi iye afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà hàn, sókè, èkejì á sì fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Èyí náà jẹ́ òfin.

Àbúrò ìyàwó mi ka tirẹ̀. Ó ka ti ẹ̀yìn, ó ka ti ẹ̀gbẹ́, ó dé orí ti ọ́síjìn, ó ní, "Ó kún, Brother mi." Kò kún. Ẹnu sìlíńdà náà ti ń jò díẹ̀díẹ̀ láti òru, ààbọ̀ ló kù. Kò sí ẹ̀rọ nínú ọkọ̀ tó lè tún un rọ. Ká ní ó sọ ọ́ ni, kò ní lè wọ omi, èmi náà kò sì ní lè wọ̀ ọ́, nítorí Kápútẹ́nì kì í jẹ́ kí ẹnì kan dá lọ.

Kí ni mo ń ṣe ní gbogbo àkókò yìí? Mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo ń so bàtà omi mi, mo sì ń sọ fún Kápútẹ́nì pé lónìí mo ti fi okùn so àtàǹpàkò àna mi mọ́ ìdí rẹ̀. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí bóyá mo ti wo géèjì rẹ̀. Mo ní mo ti wò ó.

A fò sínú omi, a di okùn mú, a ń lọ sísàlẹ̀. Ní bíi ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà, mo yíjú padà, mo na àtàǹpàkò sí i, mo wá jù ú síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni ń bi í pé ṣé ó ti tó. Ẹnì kankan kì í fi àmì yìí ṣeré nínú omi. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ́ wọ gíláàsì ojú mi. Ó mi orí pé rárá, òun kò gòkè. Mo rí ojú rẹ̀ dáadáa, mo sì rò pé mo ti sọ ọ́ di ọkùnrin.

Ọkọ̀ náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó dùbúlẹ̀ sórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú omi tó dà bí aró tí kò tíì gbó. Ìbọn ńlá kan ṣì nà sókè níwájú rẹ̀, àwọn ẹja pupa ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Àwọ̀n àwọn apẹja ti há sára òpó rẹ̀. Mo tan iná sínú ihò kan, mo rí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà méjì tó dọ́gba, rọ́bà nìkan ló kù, ẹja ti jẹ awọ rẹ̀ tán. Ẹsẹ̀ ọmọ ẹni kan ló wà nínú bàtà yẹn rí. Mo dúró wò ó ju bó ti yẹ lọ. Àbúrò ìyàwó mi rọra fọwọ́ kan èjìká mi, ó fi aago hàn mí, mo sì gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni mo fi kọjá àsìkò tí a dá, ìṣẹ́jú mẹ́ta náà sì fi kún iye tó yẹ ká lò lára okùn.

A bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, a ń dúró, a ń gòkè. Ní ogún ẹsẹ̀ bàtà, àwa méjèèjì bọ́ sórí ọ́síjìn. Àádọ́ta ìṣẹ́jú ló yẹ ká lò níbẹ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo rò pé ó ń wo ẹja ni. Lẹ́yìn bíi ogún ìṣẹ́jú, ọ́síjìn rẹ̀ tán. Ó fà á yọ kúrò lẹ́nu, ó fi ti ẹ̀yìn rẹ̀ sí i, afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ ibú tí kò lè fọ ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ká ní ó dúró síbẹ̀ fún wákàtí méjì sí i, bóyá ìbá sàn. Ká ní ó fọwọ́ kàn mí, èmi ní ọ́síjìn. Kápútẹ́nì tilẹ̀ so ìgò ọ́síjìn kan rọ̀ sábẹ́ ọkọ̀ nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kò sì jìn sí wa ju fífẹsẹ̀ gbá omi lẹ́ẹ̀mẹta lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ mú ìgò náà, gbogbo ọkọ̀ á mọ̀. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yẹn, àsọdùn ni mo kà á sí.

Nígbà tí àsìkò mi pé, mo fi ọwọ́ bi í pé ṣé ó ti yá. Ó fi ọwọ́ dá mi lóhùn pé ó ti yá. A jọ gòkè.

Nínú ọkọ̀, mo ti ń sọ ìtàn ìbọn àti bàtà fún àwọn tó kù nígbà tó ní ẹ̀yìn ń ro òun láàárín èjìká. Mo ní ọjọ́ ogbó ti dé nìyẹn. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ó fẹ́ dìde mú aṣọ ìnura, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e, ó jókòó padà gbì. N kò ní purọ́ mọ́: ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Kápútẹ́nì ti sáré gbé ìbòmú ọ́síjìn dé kí n tó pa ẹ̀rín náà dé. Ó bi í bóyá ó mọ̀ ọ́n lára bí òun ṣe ń tẹ itan rẹ̀. Ó ní rárá. Ó tún bi í nípa ẹsẹ̀ kejì. Ó kọjú sí mi, kò kọjú sí obìnrin náà, ó ní, "Brother mi, ẹ má bínú."

Hẹlikópítà wá gbé e. Wọ́n tì í mọ́ inú yàrá irin kan nílé ìwòsàn fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n ń fi ọ́síjìn tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ọwọ́ rẹ̀ padà. Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ rẹ̀ kò padà sí ìkáwọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò padà rárá.

Lọ́jọ́ kejì tí a dé etíkun, Kápútẹ́nì pè mí. Ó ti tú ẹrù àbúrò ìyàwó mi wò, ó ti ka ohun tí aago omi rẹ̀ kọ sílẹ̀. Ó ní, "O sọ fún mi pé o ti wò ó." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì pè mí mọ́ títí di òní. Mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn náà, fóònù tún dún, ìyá ìyàwó mi ni. Ó ń sunkún. Ó ní kí ni ọmọ òun ṣe tí irú èyí fi ṣẹlẹ̀. Ọ̀nà méjì ló wà níwájú mi, mo gba èyí tó rọrùn. Mo ní, "Màámi, ó kọ̀, kò gbọ́rọ̀ ni. Mo ní kó yẹ ẹ̀rọ rẹ̀ wò, ó ní òun mọ̀ ọ́n ṣe." Ó já geere lẹ́nu mi. Ìyàwó mi dúró tì mí, ó gbọ́ ọ, ó sì gbà á gbọ́.

A gbé e padà sí ilé wa. A tẹ́ pákó sí ẹnu ọ̀nà kí kẹ̀kẹ́ lè máa gorí rẹ̀. Ìyàwó mi ń wẹ̀ fún un, ó ń pààrọ̀ aṣọ rẹ̀ bí ìgbà tó wà ní ọmọ ọwọ́. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni ìyá rẹ̀ ń bú u láti ojú fóònù, àbúrò ìyàwó mi kò sì já mi nírọ́. Oṣù mẹ́jọ ni ó fi ń ní kí màmá má bínú. Èmi náà wá ń gba irọ́ mi gbọ́ díẹ̀díẹ̀. Tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bá béèrè, mo ti ń fi nǹkan kún un.

Ọjọ́ Sátidé kan, a ti ọ̀dọ̀ dókítà dé, oòrùn ń jó wa níwájú ilé. Mo ń gbé e bọ́ sílẹ̀ láti inú mọ́tò, ó wúwo, ọwọ́ rẹ̀ yọ̀ lára ilẹ̀kùn, mo sì jágbe mọ́ ọn pé ṣé kò tilẹ̀ lè ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ ni, àbí orí náà ti kú pẹ̀lú ẹsẹ̀. Ìyàwó mi di kẹ̀kẹ́ mú. Àbúrò rẹ̀ jókòó sórí rẹ̀, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ó wá gbójú sókè, ó wò mí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́jọ, ó wò mí lójú.

Ó ní, "Brother mi, mo rí géèjì yẹn. Half ló wà. Mo rí i ká tó wọ omi. Mo ní ó kún torí pé mi ò lè fara da ẹ̀rín yín mọ́. Ẹ̀yin ò dẹ̀ wò ó."

Ìyàwó mi ní, "Wo kí ni?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un níbẹ̀, nínú oòrùn, láìgbé ohùn sókè. Ó sọ ti sìlíńdà, ó sọ ti bí òun ṣe kọ ẹ̀yìn sí mi lára okùn. Mo gbìyànjú láti bínú. Mo ní ta ló rán an pé kó purọ́, ṣé èmi ni mo fi irọ́ sí i lẹ́nu? Ó ní, "Èmi ni mo purọ́. Mo ti jìyà tèmi, ẹ̀ ń wò ó lórí kẹ̀kẹ́ yìí." Ó ní òun kò bẹ̀ mí pé kí n tọrọ àforíjì, òun kò tilẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó ní, "Ẹ ṣáà sọ fún Màámi. Ẹ̀yin fúnra yín. Mi ò fẹ́ kí wọ́n kú kí wọ́n máa rò pé mo ya òmùgọ̀."

Ìyàwó mi ti kẹ̀kẹ́ náà wọlé. Ní ẹnu ọ̀nà ló ti dúró, kò yíjú padà. Ó ní, "Ọ̀la ni Sunday. Ẹ máa sọ ọ́ fún wọn lọ́la."

Wọ́n ní ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Gbogbo alẹ́ ọjọ́ náà ni mo fi ń to ọ̀rọ̀ náà, mo sì ti mọ bí màá ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, n kò ní purọ́. Obìnrin náà ti fi ojú baba wò mí láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ọmọ rẹ̀. Ó máa ń sọ fún àwọn ará àdúgbò pé àna òun ní Amẹ́ríkà sàn ju ọmọ tí òun bí lọ.

Lọ́jọ́ kejì, a jókòó bí a ti máa ń jókòó. Ìyàwó mi gbé fóònù náà ti ìgò omi, ó yí i kó dojú kọ èmi gan-an. Àwọn ọmọ wà níbẹ̀, ọmọkùnrin mi ní ọwọ́ òsì, ọmọbìnrin mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Màámi yọ, wọ́n wé gèlè funfun ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kí wa. Kí wọ́n tó kọjú sí ọmọ wọn láti bú u, mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ bá yín sọ. Nípa ọjọ́ yẹn ni." Ohùn mi gbọ̀n. Mo rí ọwọ́ àbúrò ìyàwó mi tó di etí tábìlì mú.

Màámi ní kí n dúró ná. Ohùn mi ti jẹ́ kí omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní àwọn mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, wọ́n ní mo ti ń dá ara mi lẹ́bi, àwọn sì ti rí i lójú mi tipẹ́. Wọ́n ní kí n gbé e kúrò lọ́kàn. Wọ́n ní ta ni kì bá ti lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ padà wá sí Nàìjíríà, èmi wá ń gbé e lọ gbé e bọ̀. Wọ́n ṣí gèlè wọn díẹ̀ kúrò níwájú, wọ́n kúnlẹ̀ níbi tí wọ́n wà, a gbọ́ bí eékún wọn ṣe kan ilẹ̀. Arúgbó tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún kúnlẹ̀ fún mi.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, bí o ti ṣe sí ọmọ tèmi, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Ọlọ́run yóò rán ẹni tí yóò ṣe sí àwọn ọmọ tìrẹ. Kò ní dín kan, kò ní yẹ̀."

Nílé wa, tí Màámi bá ti ń gbàdúrà, gbogbo wa la máa ń ṣe àmín lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì máa ń dúró gbọ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹnu mi ti ṣe é kí n tó mọ̀. Mo ní, "Àmín." Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò láti àná dàwátì. Àbúrò ìyàwó mi wò mí, ó ní, "Àmín," ó sọ ọ́ ketekete, ó sì ròkè ju tèmi lọ. Ọmọkùnrin mi tó ń tẹ fóònù tirẹ̀ lábẹ́ tábìlì ní, "Amen."

Ó kan ọmọbìnrin mi. Ó la ẹnu. Ìyàwó mi sì na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu, ó sì dì í mú síbẹ̀.

Màámi dúró lórí eékún wọn, wọ́n gbé etí sún mọ́ fóònù. Wọ́n ní, "N kò gbọ́ àmín ọmọ mi kékeré. Ṣé kò sí nílé ni?"